Ògiri àti Fèrèsé: Awọ Inú Ara Wa àti Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe fún Wa

  

Bí òtútù bá ti wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí máa ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ kì í ju mẹ́ta lọ. Èkíní: imú ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Èkejì: ikun imú ọmọ mi ti di àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta: a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ò fún wa ní nǹkan kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ohun kan náà ni wọ́n dá lé, ohun tó wà nínú ara gbogbo wa tí a kì í sì í kà sí. Iṣẹ́ ìṣirò owó la fi ń jẹun ní tiwa, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń yẹ ìwé owó wò fún ọdún pípẹ́ mọ̀ pé kí a tó béèrè ibi tí owó gbà jáde, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ara la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

KÍ NI AWỌ INÚ?

Awọ tí a ń fi ọṣẹ fọ̀, tí a ń fi ìpara pa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó gbẹ, ó yi, omi kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ara ní ojú ihò: imú, ẹnu, ibi tí a ń gbà tọ̀, ibi tí a ń gbà yàgbẹ́, ojú ara obìnrin. Ó yẹ kí nǹkan máa gba ibẹ̀ wọlé, kí ó sì máa gba ibẹ̀ jáde, nítorí náà awọ gbígbẹ ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ahọ́n kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wò nísinsìnyí. Ẹ ó rí i pé awọ ibẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀, omi sì wà lára rẹ̀. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní mucous membrane. Àwa yóò máa pè é ní awọ inú.

Láti ètè, awọ yìí gba ọ̀fun lọ sí àpòlúkù, ó gba gbogbo ìfun kọjá títí dé ìdí. Láti imú, ó gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó wà lábẹ́ ìpéǹpéjú, ó wà nínú àpò ìtọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní ìlú Gothenburg ní Sweden ṣe ìṣirò bí awọ inú ṣe fẹ̀ tó láti ẹnu dé ìdí nìkan. Wọ́n ní tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò tó nǹkan bíi mítà 32 níbùú-lóòró, ìyẹn bí ìdajì pápá tí wọ́n ti ń gbá badminton. Awọ tó bo ara wa níta kò ju bíi mítà 2 lọ. Ẹ ò rí i pé ibi tí a kò rí ló pọ̀ jù.

Nínú awọ inú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n rí bí ife. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣe ikun. Nínú ọ̀nà 100 ikun, nǹkan bíi 95 ló jẹ́ omi lásán. Ìyókù ni èròjà tó ń mú un fà, iyọ̀, àti àwọn ohun tó ń pa kòkòrò. Èyí tó bá ti imú wá la ń pè ní ikun imú, èyí tó bá ti àyà wá la ń pè ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Lábẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín àti àwọn ọmọ ogun ara wà, tí wọ́n lúgọ síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Awọ inú ni ògiri wa, ikun ni amọ̀ tí a fi rẹ́ ẹ, kòkòrò àrùn sì ni aláǹgbá. Bí amọ̀ bá gbẹ, ògiri á lanu.

IKUN IMÚ KÌ Í ṢE ẸLẸ́GBIN

Afẹ́fẹ́ tí a ń fà símú ní erùpẹ̀ nínú, ó ní èéfín mọ́tò nínú, ó ní kòkòrò nínú. Irun imú á gba èyí tó tóbi, ikun á mú èyí tó kéré bí àtè ṣe ń mú ẹyẹ. Lórí awọ inú imú àti ti ọ̀nà èémí, àwọn irun kan tún wà tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn bí ìgbà 10 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń gbá ikun àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ lọ sí ọ̀fun. A ó gbé e mì láìmọ̀, ásíìdì inú àpòlúkù á sì parí iṣẹ́. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbálẹ̀ yìí. Èéfín sìgá ló máa ń ba àwọn agbálẹ̀ yìí jẹ́. Ìdí nìyẹn tí amusìgá fi máa ń húkọ́ kíkankíkan bí ilẹ̀ bá mọ́, nítorí kò sí ẹni tó gbálẹ̀ mọ́, àfi kó fi ikọ́ gbá a.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ wa mọ̀, nítorí ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní November 1921, ọ̀fìnkìn mú dókítà kan tó ń jẹ́ Alexander Fleming ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Paddington. Dípò kó kàn nu imú rẹ̀ nù, ó fi díẹ̀ nínú ikun náà sórí àwo tí ó ti ń sin kòkòrò bakitéríà. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé àwọn kòkòrò tó sún mọ́ ikun náà ti yọ́ dànù. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1922, ó sì sọ ohun tó ń pa wọ́n ní lysozyme. Ó tún rí i nínú omi ojú àti itọ́, débi pé ó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú àwọn èèyàn kí omijé wọn lè jáde fún ìwádìí. Fleming yìí kan náà ló wá ṣàwárí penisílínì ní 1928. Lysozyme ò lágbára tó penisílínì, kòkòrò tí kò le ló ń pa jù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, inú ikun imú ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ rí apakòkòrò.

ỌYẸ́ INÚ ILÉ

Àwa tí a dàgbà nílé mọ ọyẹ́. Ètè á bẹ́, imú á gbẹ, gìgísẹ̀ á là. Níbí, ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe ọyẹ́ sínú ilé. Afẹ́fẹ́ tó tutù kì í lè gbé omi púpọ̀. Tí ó bá wọlé, tí hítà sì mú un gbóná, omi inú rẹ̀ ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ibikíbi tó bá ti rí omi ni yóò ti fà á, títí kan imú ọmọ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà mọ́jú. Ikun á gbẹ, á di èèpá, ọmọ á ti ìka bọ imú láti yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dé. Níwájú ògiri tó pín imú sí méjì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín púpọ̀ pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ imú àwọn ọmọdé ti sábà máa ń wá.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dá orí ọmọ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún wa ní kékeré. Ẹ̀jẹ̀ á kàn gba ọ̀fun lọ sínú ikùn, ọmọ á sì máa bì. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó máa fi ẹnu mí. Ẹ fún ibi tó rọ̀ lára imú, lókè ihò méjèèjì, pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ má ṣe máa tú u wò. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 15 tí kò dá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ jù, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Láti dènà rẹ̀, ẹ dín hítà yàrá kù lóru, ẹ gé èékánná ọmọ, ẹ jẹ́ kó máa mu omi, ẹ sì fi fasilíìnì díẹ̀ pa etí ihò imú rẹ̀.

ÀWỌ̀ EWÉ

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn bá dé, ara á ṣe ikun púpọ̀ láti fọ̀ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun, á ya wọ ibẹ̀. Ohun ìjà tí wọ́n gbé dání ní àwọ̀ ewé. Nítorí náà, àwọ̀ ewé tí ẹ rí ń sọ pé ogun ń lọ lọ́wọ́ ni, kò sọ pé bakitéríà ni ọ̀tá. Oògùn apakòkòrò, ìyẹn antibiotics, bakitéríà ló ń pa, kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀fìnkìn á sábà lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

A mọ̀ pé ó máa ń dunni. Èèyàn á gba àyè níbi iṣẹ́, á wọ bọ́ọ̀sì méjì dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á ní kó lọ máa fún ọmọ lómi. Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé nítorí a jẹ́ àlejò ni. Ẹ bi dókítà léèrè ìdí, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá tú àpò wò kí ẹ fún ọmọ ní kápúsù tí ẹ gbé bọ̀ láti ilé lọ́dún tó kọjá. Yóò pa àwọn kòkòrò rere tó ń gbé lórí awọ inú ìfun, yóò sì kọ́ àwọn kòkòrò burúkú bí a ti ń borí oògùn. Lọ́jọ́ tí a bá wá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní jẹ́ mọ́.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà. Róòbù àti irú ìpara bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sínú ihò imú ọmọ rárá. Ó ń ta awọ inú, ó sì lè dí èémí ọmọ. Ìkejì ni fífi aṣọ bo ọmọ lórí omi gbígbóná. Àgbàlagbà lè ṣe é, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti dà sára ọmọdé púpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ìwòsàn. Omi oníyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọ wà ní kẹ́mísìtì. Oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ dára fún ikọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin.

FÈRÈSÉ FÚN ALÁWỌ̀ DÚDÚ

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó lè gba ẹ̀mí là. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn níbí, awọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ á funfun bí ìwé, ètè á di búlúù. Lára ọmọ tiwa, ara lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n awọ inú ò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí a wo inú ilé láti ojú fèrèsé.

Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí tipẹ́. Wọ́n á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọmọ wálẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, “Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò tó.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó yẹ kí ibẹ̀ pọ́n. Bí ó bá funfun, ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní sickle cell, tí inú ìpéǹpéjú àti ahọ́n rẹ̀ bá ṣàdédé funfun, tí ó sì rẹ̀ ẹ́ gan-an tàbí tí ikùn rẹ̀ wú, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ẹyinjú bá pọ́n bí ẹyin adìyẹ, ó yẹ kí dókítà mọ̀. Bí ọmọ bá ń mí sókè-sódò, tí ẹ wo ahọ́n, èrìgì àti inú ètè rẹ̀ tí wọ́n ti di àwọ̀ eérú tàbí búlúù, 999 ni kí ẹ pè. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ náà tún ṣe é wò.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń há ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé ẹ̀rọ náà máa ń ka iye tó ju òótọ́ lọ fún aláwọ̀ dúdú nígbà mìíràn. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára, tí ọmọ kò sì dára lójú yín, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo inú ẹnu rẹ̀.

ÀPÒLÚKÙ ÀTI ỌGBẸ́ INÚ

Ásíìdì inú àpòlúkù le tó láti yọ́ ẹran. Kí ló dé tí kò yọ́ àpòlúkù náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹran lòun náà? Ikun tó nípọn ló bo awọ ibẹ̀, awọ náà sì ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ebi tàbí ata ló ń dá ọgbẹ́ sínú. Àwọn dókítà náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ata àti ìrònú ni. Ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Robin Warren rí kòkòrò kan lórí awọ àpòlúkù àwọn aláìsàn ní 1979. Òun àti Barry Marshall sin kòkòrò náà ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí inú fi ń rìn ín, tí ó ń bì, awọ àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Orúkọ kòkòrò náà ni Helicobacter pylori, oògùn sì wà tó ń lé e lọ. Ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ inú ni oògùn ara ríro bí ibuprofen àti aspirin, nítorí wọ́n ń dín ààbò àpòlúkù kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, tí ẹ ń gbé e mì lójoojúmọ́ láìjẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ lo aspirin láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó lò ó.

ÀWỌN ỌMỌ OGUN ẸNU Ọ̀NÀ

Ara máa ń ṣe ohun ìjà kan tí ó ń tú sínú ikun láti dá kòkòrò dúró kó tó wọlé. IgA ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tuntun kò tíì lè ṣe èyí tó tó fúnra rẹ̀, inú ọyàn ìyá ló ti ń rí i. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n díẹ̀, òun ló ní in jù. Ẹni tó bá fún un dànù pé kò mọ́, ó da ohun ìjà ọmọ rẹ̀ nù ni.

Nítorí pé awọ inú ní ọmọ ogun tirẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ni a fi ń ṣe àjẹsára. Ẹ rántí oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí àwọn ọmọ lẹ́nu ní Nàìjíríà. Inú ìfun ni fáírọ́ọ̀sì náà ti ń pọ̀ sí i, ibẹ̀ náà ni oògùn yẹn lọ bá a. Ní August 25, 2020, wọ́n kéde pé fáírọ́ọ̀sì pólíò inú igbó, èyí tí kì í ṣe inú oògùn ló ti wá, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà ló gbẹ̀yìn níbẹ̀.

Níbí náà, láti 2013 ni wọ́n ti ń fín àjẹsára flu sí imú àwọn ọmọdé. Kò ní abẹ́rẹ́, kò sì dunni. Àwọn Mùsùlùmí kan nínú wa bínú nígbà tí wọ́n gbọ́ pé jẹ́látíìnì ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn ya fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Abẹ́rẹ́ flu tí kò ní jẹ́látíìnì wà, ẹ béèrè rẹ̀.

Oúnjẹ náà ń rẹ́ ògiri. Fítámìnì A ni awọ inú ń lò láti máa tún ara rẹ̀ ṣe, èròjà tí ara sì fi ń ṣe é kún inú epo pupa wa. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ epo náà títí tó fi funfun, a ti sun èròjà yẹn.

Ẹ̀YIN ỌMỌ WA, Ẹ DÁN AN WÒ

Mí gbígbóná sí ojú dígí. Omi tí o rí yẹn, awọ inú rẹ ló ti wá.

Fi ọwọ́ di imú pa, kí o jẹ ápù díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o tú imú sílẹ̀. Adùn rẹ̀ á yí padà, nítorí awọ òkè imú ló ń gbọ́ òórùn.

Wo inú ètè rẹ nínú dígí lónìí tí ara rẹ le, kí o mọ bí ó ṣe pọ́n tó. Ìyá àti bàbá náà, ẹ wo ti ọmọ yín. Ẹni tó bá mọ bí fèrèsé ṣe rí lọ́jọ́ tí ara le, òun ni yóò tètè mọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà.

 Ògiri ilé wa kò ní lanu. Àmín.